Kòkòrò Kì í Sùn Ọjọ́ Márùn-ún

Ọjọ́ 15, oṣù kẹrin

Àwọn kòkòrò sílíkì dé láàárọ̀ yìí. Ìdajì àpótí ni wọ́n fún mi, wọ́n fún ilé Ẹ̀gbọ́n Robiya tí a jọ pín ògiri ní ìdajì kejì. Wọ́n dúdú, wọ́n kéré débi pé èémí ènìyàn lè gbé wọn lọ. Mo ti dáná sí yàrá láti àná, ooru ibẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n mẹ́rìnlélógún. Ọdún kẹtàlélógún tí mo ti ń sìn wọ́n rèé, ọdọọdún ni mo sì ń kọ ìwé wọn: ìgbà tí wọ́n sùn, ìgbà tí wọ́n jí, iye ẹ̀ka tí wọ́n jẹ. Lola ọmọ mi ní ìwé yìí nìkan ni ọ̀rẹ́ tí mi ò tíì bá jà. Aláìmoore ọmọ.

Yigitali, alága àdúgbò wa, wá, ìbòmú rẹ̀ wà lábẹ́ àgbọ̀n. Ó ní kónílé-ó-gbélé kò de àwa tí a ń sin kòkòrò, a lè jáde láàárọ̀ lọ gé ẹ̀ka igi tut tí wọ́n ń jẹ ewé rẹ̀ létí ọ̀nà, ṣùgbọ́n ní méjì méjì. Ẹni tó pín mọ́ mi ni Zulhumor, ìyàwó Ulugbek ọmọ Robiya. Mi ò tíì bá a rìn láti oṣù kejì tí mo fa ọwọ́ rẹ̀ láti ilé bàbá rẹ̀ ní Kuva padà sílé ọkọ. Nígbà náà èmi ṣì ni alábòójútó ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ládùúgbò, àgbààgbà mẹ́ta ló tẹ̀lé mi lọ. Mo kọ ọ́ sínú ìròyìn oṣù yẹn pé a ti parí ìjà tọkọtaya kan. Inú alága dùn sí i gan-an.

Ọjọ́ 17

Ìgboro dá páropáro. Wọ́n fi ìtì igi dábùú ọ̀nà, ọlọ́pàá kan jókòó sídìí rẹ̀ lórí àga ilé ìwé. Kò sí ọkọ̀, kò sí ẹni tó ń kí ni. Gbogbo ilẹ̀kùn ló wà ní títì, mo sì mọ̀ pé ènìyàn wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Zulhumor gun igi, èmi ń kó ẹ̀ka jọ nílẹ̀.

"Màmá, ẹ má dúró sábẹ́ mi o. Tí mo bá já lù yín, wọ́n á ní kòrónà ló pa yín."

"Já kí n rí i. Ìwọ tó tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, ta ló máa gbọ́ ìró ẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ òsì ló fi di ọ̀bẹ mú. Òsì ló fi ń ṣe ohun gbogbo, ìyá ọkọ rẹ̀ ò sì yéé fi bú u. Kódà bó ṣe ń gbá ẹnu ọ̀nà ní ìdájí bíi gbogbo ìyàwó ilé, òsì ló fi ń gbá a, ipa ọwọ̀ rẹ̀ nínú eruku sì máa ń tẹ̀ sí òdìkejì ti gbogbo wa.

"Ulugbek ńkọ́?"

"Ó wà nílé." Ó gé ẹ̀ka méjì sí i kó tó tún sọ̀rọ̀. "Oṣù kẹta ló yẹ kó ti padà sí Rọ́ṣíà. Ọkọ̀ òfuurufú ò lọ mọ́. Ojoojúmọ́ ló wà nílé, Màmá."

Mo di ẹ̀ka wa ní ìdì. Ẹ̀ka méjìdínlógún.

Ọjọ́ 19

Oorun kìíní nínú mẹ́rin tí wọ́n máa ń sùn kí wọ́n tó dàgbà. Wọ́n gbé orí sókè, wọn ò mira. Mi ò dín nǹkan kan nítorí òórùn ń dà wọ́n láàmú, mi ò gba àlejò kankan, bí a ti ń ṣe é láti ọjọ́ aláyé. Ọsàn wẹ́wẹ́ kan ṣoṣo ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sọ́ọ̀mù nítorí wọ́n ní ó ń lé kòrónà. Gbogbo ilé ló ń sun isirik, ewé tí wọ́n fi ń lé àìsàn, èéfín rẹ̀ bo òpópónà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ọjọ́ 24

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, oorun kejì náà bọ́ sí i. Ọkọ̀ kan ti ń kọjá báyìí ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, gbohùngbohùn wà lórí rẹ̀. Ohùn obìnrin kan náà ni lójoojúmọ́: "Ẹ dúró sílé. Ilé yín ni ààbò yín." Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń lọ tó ń bọ̀. Mi ò rí awakọ̀ náà rí, wọ́n ti fi nǹkan dúdú bo gíláàsì.

Ọjọ́ 27

Wọ́n ti ń jẹun débi pé a lè gbọ́ ìró ẹnu wọn. Ó ń dún bí òjò wẹ́wẹ́ lórí ewé. Yàrá kòkòrò ilé Robiya kẹ́yìn sí tèmi, nítorí náà mo ń gbọ́ tiwọn náà láti inú ògiri. Mo jókòó sáàárín òjò méjèèjì, ìta sì gbẹ táútáú. Mo dìde lọ ka Kùránì mi.

Ọjọ́ 29

Oorun kẹta. Ètè Zulhumor wú.

"Ilẹ̀kùn ni?" mo bi í.

"Ilẹ̀kùn ni."

"Mi ò gbọ́ ariwo kankan láti ọ̀dọ̀ yín."

Ó wò mí láti orí igi. "Àwọn kòkòrò ń sùn, Màmá. Ta ló ń pariwo nígbà tí kòkòrò ń sùn? Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń nà mí. Tí ohùn ẹ̀ bá fẹ́ lọ sókè, ìyá ẹ̀ á fi ìka lé ètè, á ní ṣṣṣ, kòkòrò. Òun náà á rẹ ohùn sílẹ̀."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka àkọsílẹ̀ nǹkan tí wọ́n rà lọ́jà. Mo ní kó ní sùúrù, pé kónílé-ó-gbélé ò ní pẹ́ parí, ọkùnrin náà á padà síbi iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Mo ti sọ gbólóhùn yẹn fún obìnrin tí mi ò lè ka iye wọn láàárín ọdún mọ́kànlá tí mo fi ṣe alábòójútó, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wọn ṣe dáhùn. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ọjọ́ 2, oṣù karùn-ún

Òjò gidi rọ̀. Ewé tó bá tutù ikú kòkòrò ni, nítorí náà a jókòó sí ẹnu ọ̀nà mi, à ń fi aṣọ nù ún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Zulhumor ò tíì nu ìdajì tirẹ̀ tí Ulugbek fi súfèé láti ẹnu ọ̀nà wọn. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ó kó ewé náà bó ṣe wà, ó sáré wọlé.

"Nù ún nílé o!" mo pariwo tẹ̀lé e.

Ọjọ́ 4

Oorun kẹrin, oorun ńlá. Ògiri dákẹ́ lápá méjèèjì. Zulhumor ò jáde. Robiya la ilẹ̀kùn díẹ̀, ó ní àwọn kòkòrò ń sùn. Mo ní tèmi náà ń sùn.

Ọjọ́ 6

Tèmi ti jí! Wọ́n funfun, wọ́n sanra, wọ́n ń jẹun bí ẹni tí ebi ti ń pa látọdún tó kọjá. Ẹ̀ka mọ́kànlélógójì lónìí, èmi nìkan ni mo sì gé e, ẹ̀yìn mi fẹ́ dá. Lẹ́yìn ògiri kò sí ìró kankan.

Mo kan ilẹ̀kùn Robiya. Kò ṣí i ju ìbú ìka mẹ́ta.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò ní gé ewé ni? Zulhumor ńkọ́?"

"Wọn ò tíì jí. Òun ló ń ṣọ́ wọn."

"Títí di ìsinsìnyí?"

"Yàrá wa tutù ju tìẹ lọ. Lọ bójú tó tìẹ, Mukaddas."

Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló fi ń sọ gbogbo rẹ̀. Èmi náà rí i pé kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni mo ń sọ̀rọ̀, lójú títì, lọ́sàn-án gangan.

Ọjọ́ 7

Eku! Mo gbọ́ ọ nísàlẹ̀ ògiri, ó ń họ ilẹ̀ fún bíi wákàtí kan lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Eku kan lè jẹ àtẹ kòkòrò kan tán kí n tó padà láti etí kànga. Mo mú ọmọ odó, mo lu ògiri ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Àṣeyọrí kékeré.

Ọjọ́ 8

Eku náà padà. Mo fi oògùn sínú búrẹ́dì, mo tò ó sídìí ògiri.

Mo fẹ́ kọ nǹkan kan sílẹ̀ kí n má baà rò pé ààwẹ̀ ló ń gbé mi lójú. Nígbà tí mo ń ti ibi igi bọ̀ láàárọ̀, ẹnu ọ̀nà Robiya mọ́ tónítóní, wọ́n ti gbá a, wọ́n ti wọ́n omi sí i, bíi ti ojoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ipa ọwọ̀ náà tẹ̀ sí ọ̀tún, bíi ti gbogbo wa. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù ẹ̀ka lórí. Òwú funfun tó ń já lára igi pópúlà ń fò kiri lójú ọ̀nà, kò sí ẹyọ ènìyàn kan, mo sì ní ìmọ̀lára pé ẹnìkan ń wò mí láti inú pàlàpálá ilẹ̀kùn. Mo yára wọlé.

Ọjọ́ 9

Mo tún béèrè lọ́wọ́ Robiya láàárọ̀. "Wọ́n ń sùn." Ọ̀rọ̀ kan náà, ìbú ìka mẹ́ta kan náà. Òórùn kan sì gba àárín ìka mẹ́ta náà jáde, mo mọ̀ ọ́n, gbogbo ẹni tó bá ti sin kòkòrò sílíkì rí ló mọ̀ ọ́n.

Mo délé, mo ṣí ìwé yìí, mo ka ọjọ́. Láti ọjọ́ kẹrin. Oorun ńlá kì í ju ọjọ́ méjì lọ, bí yàrá tutù gan-an kó di mẹ́ta. Kòkòrò kì í sùn ọjọ́ márùn-ún. Tiwọn ti kú. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kú, wọ́n sì ń fi òkú kòkòrò ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo wa lójú. Kí wá ni Zulhumor ń ṣọ́?

Mo ń ro èyí lọ́wọ́ nígbà tí ìró náà tún bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ògiri. Kì í ṣe híhọ lónìí. Kíkàn ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta, gẹ́lẹ́ bí mo ṣe fi ọmọ odó lù ú níjẹta.

Eku kì í ka ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo dojú kọ ògiri, mo ní, "Zulhumor?" Ohùn tó dáhùn ò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú.

Mo kó gbogbo búrẹ́dì olóògùn yẹn, mo sun ún.

Ọjọ́ 10

Mo lọ bá Alága Yigitali nílé rẹ̀. Ó dúró sókèèrè, ó ń fi oògùn apakòkòrò pa ọwọ́.

"Màmá Mukaddas, ẹ̀yin náà mọ̀ pé àlejò kì í wọlé tí kòkòrò wà."

"Kòkòrò wọn ti kú."

"Ṣé ẹ rí i?"

"Imú mi rí i. Ulugbek ti obìnrin yẹn mọ́lé, Yigitali. Ó ń kan ògiri."

"Ọ̀rọ̀ tọkọtaya nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí kónílé-ó-gbélé parí, a ó kó àgbààgbà jọ, a ó lọ bá wọn sọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n ṣe jù." Ó rẹ́rìn-ín sí mi. "Ta ni ò mọ̀ pé ẹnu yín dùn?"

Mo pe ọlọ́pàá tó wà nídìí ìtì igi tí wọ́n fi dábùú ọ̀nà. Ó ní òun ò láṣẹ láti kúrò níbẹ̀. Mo pe Lola nílé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Fargona. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi tán, ó ní: "Màmá, kò sẹ́ni tó máa wá nítorí pé wọ́n na obìnrin. Nítorí ibà nìkan ni wọ́n ń jáde báyìí." Mo kọ gbólóhùn kejì yẹn síbí.

Ọjọ́ 11

Alẹ́ ni mo ń kọ èyí.

Àwọn kòkòrò mi wà lẹ́nu oúnjẹ ńlá ìkẹyìn, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi okùn sílíkì kọ́lé yí ara wọn ká. Eruku ń pa wọ́n, ariwo ń dà wọ́n láàmú. Mo mọ gbogbo rẹ̀. Mo sún àtẹ wọn jìnnà, mo fi aṣọ ìbùsùn mi bò wọ́n, mo sì mú ọkọ́ ọkọ mi tó ti di olóògbé.

Agogo mẹ́rin lu, ọkọ̀ náà dé. "Ẹ dúró sílé." Mo gbé ọkọ́ sókè. "Ilé yín ni ààbò yín." Mo sọ ọ́ mọ́ ògiri. Nígbà tí ohùn náà bá jìnnà, mo dúró, mo ń mí. Nígbà tó bá padà, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ògiri amọ̀ ni, láti ayé bàbá ọkọ mi. Nígbà tí ọkọ̀ náà kọjá lẹ́ẹ̀kẹta, ọkọ́ mi bọ́ sí òfìfo, òórùn náà sì dà bò mí.

Ọwọ́ kan jáde, ọwọ́ ọ̀tún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

Òsì rẹ̀ ti ṣẹ́. Ó ti tẹ̀ níbi tí kò yẹ kó tẹ̀. Ara rẹ̀ gbóná, kò lè mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ mo rí àtẹ wọn lórí ara wọn, kòkòrò ti dúdú lórí ewé, ó ti ń ṣàn. Nítorí ewé tútù tí kò ráyè nù yẹn ni ọkọ rẹ̀ ṣe ṣe é báyìí, tó sì tì í mọ́ inú ibẹ̀, pé kó máa jí wọn títí wọn ó fi jí.

Mo fi orí rẹ̀ lé itan mi, mo ń fún un lómi.

"Ẹ lu ògiri," ó ní. "Lọ́jọ́ yẹn. Mo rò pé ẹ ń sọ fún mi pé kí n dákẹ́."

Mo sunkún, kí n má purọ́. Lẹ́yìn náà mo pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Mo ní: ibà, ikọ́, kò lè mí, ọkọ rẹ̀ ti Rọ́ṣíà dé. Ikọ́ nìkan ni irọ́ ibẹ̀.

Ulugbek ti wà lẹ́nu ọ̀nà mi nígbà yẹn. Kò pariwo. Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ yẹn náà ló fi sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ wà lára pákó ilẹ̀kùn: "Màmá, ẹ ṣílẹ̀kùn. Ìyàwó mi wà lọ́dọ̀ yín. Màmá, ẹ ṣílẹ̀kùn." Ó sọ ọ́ bíi ogún ìgbà, kò yára, kò falẹ̀. Mo fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Mo ti kọjá ẹni ọgọ́ta ọdún, ẹ̀rù sì bà mí bí ọmọdé.

Wọ́n dé kí ogójì ìṣẹ́jú tó pé, ọkùnrin mẹ́rin nínú aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀, kò sí ojú tí a lè rí. Wọ́n ń bọ̀ láàárín òwú pópúlà láìsọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ mìíràn, ǹ bá sá. Ulugbek rí wọn, ó fọwọ́ bo imú, ó sì wọ ẹ̀yìn lọ títí ó fi wọ ilé ìyá rẹ̀. Wọ́n gbé Zulhumor. Wọ́n fi tépù pupa ti ẹnu ọ̀nà méjèèjì, ti Robiya àti tèmi, ó di ọjọ́ mẹ́rìnlá.

Ọjọ́ 13

Ihò náà ṣì wà, páálí ni mo fi bò ó, mo sì fi pẹpẹ àtẹ dí i. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ohùn Robiya ti ibẹ̀ wá. Mi ò rí ojú rẹ̀.

"O ti ba ilé wa jẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ó fẹ́ kú."

"Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo ti lò nínú ilé yìí. Bàbá Ulugbek náà nà mí. Yàrá yìí kan náà. Ta ló wó ògiri fún èmi?"

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n nínú ẹ̀ ni èmi fi jẹ́ aládùúgbò rẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí, títí ó fi lọ.

Ọjọ́ 16

Ewé tán láti àná, ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n fi sídìí tépù ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú ẹ̀ka wá. Ìdá kan nínú mẹ́ta gun igi gbígbẹ tí mo tò fún wọn, wọ́n ń kọ́lé. Ìyókù kú nínú eruku. Lọ́dún tó bá dáa mi ò pàdánù ju ọgọ́rùn-ún lọ. Mo gbá wọn jọ, mo sin wọ́n sábẹ́ igi èso àjàrà. Ó dùn mí ju bí mo ṣe rò lọ, mi ò sì kábàámọ̀.

Ọjọ́ 25

Wọ́n já tépù kúrò. Kò sí kòrónà lára ẹnikẹ́ni. Alága Yigitali pè mí kí n tó ṣílẹ̀kùn.

"Màmá, Ulugbek ti ronú pìwà dà. Ó fẹ́ gba ìyàwó rẹ̀ padà. Ẹ̀yin nìkan ló lè bá ọmọ yẹn sọ̀rọ̀ tó máa gbọ́."

"Òótọ́ ni," mo ní. "Mo ti bá a sọ̀rọ̀ tó gbọ́ rí."

Mo gbé fóònù sílẹ̀.

Ọjọ́ 26

Zulhumor pè láti yàrá Lola. Apá rẹ̀ wà nínú símẹ́ńtì ilé ìwòsàn, ó ní Lola ń fún òun ní ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. A rẹ́rìn-ín sí i.

"Màmá, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan. Ẹ má bínú."

"Béèrè."

"Ní oṣù kejì, nígbà tí ẹ wá mú mi nílé bàbá mi. Ẹ bá mi wọ ẹ̀wù òtútù mi, ọwọ́ yín kan ẹ̀yìn mi, mo sì ta kìjí. Ẹ wo ojú mi. Ṣé ẹ mọ̀, nígbà yẹn?"

Mo lè sọ pé àwọn àgbààgbà ń dúró dè wá, pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ti ń dún, pé iṣẹ́ mi ni. Gbogbo rẹ̀ wà lẹ́nu mi.

"Mo mọ̀," mo ní.

Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀.

"Ọlọ́pàá obìnrin kan ń bọ̀ wá gba ọ̀rọ̀ mi lọ́la. Ulugbek máa ní mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, pé irọ́ ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un, Màmá. Bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi yìí gan-an. Kẹ́ ẹ sì fọwọ́ sí i."

Mo ti kọ ọ́. Ojú ewé méjì ni, Lola á wá gbà á kí ilẹ̀ tó ṣú. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: Èmi, Mukaddas Ergasheva, ni mo mú un padà sílé náà, mo sì mọ̀.